Ta ni mo fẹ́ fi ilé sílẹ̀ fún? Àbúrò ọkọ mi ní àfi bí mo bá sanwó

Ẹni tó ní ká bo orúkọ òun:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Alákòóso, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí orúkọ mi hàn, torí àwọn ará ilé ọkọ mi pọ̀ níbí. Aago méjìlá òru ti lù, mi ò rí oorun sùn, inú ló ń bí mi.

A fẹ́ rìnrìn àjò fún ọdún. Láti ọdún méje tí a ti kó wọ ilé wa yìí lápá Òkè-Báálẹ̀ l'Óṣogbo, ibi tó jìnnà jù tí èmi àti ọkọ mi jọ kó àwọn ọmọ lọ ni Ìbàdàn, ìsìnkú sì ni. Lọ́dún yìí mo ní ó tó gẹ́ẹ́, àwọn ọmọ fẹ́ rí òkun, èmi náà fẹ́ jókòó síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní béèrè pé kí la máa jẹ. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?

Àbúrò ọkọ mi la fi sílé nígbà ìsìnkú yẹn. Ọkọ Mi Kékeré ni mo máa ń pè é, torí ọmọ ọdún mọ́kànlá péré ni nígbà tí wọ́n gbé mi wọlé. Ọjọ́ mẹ́ta la lò. Nígbà tí a dé, ẹran ewúrẹ́ tí mo dì sí ọ̀rá mẹ́fà sínú fírísà ti ku ọ̀rá méjì. Yúníìtì tó lé ní àádọ́ta lórí mítà ti ku mọ́kànlá. Mo ní kí lẹ fi iná ṣe? Ó ní òun lọ aṣọ. Aṣọ gbogbo àdúgbò ni àbí kí ni? Ìkòkò tí ìyá mi fún mi, ìdí rẹ̀ ti jó, ó dúdú kirikiri. Ó ní ẹ̀wà ló jóná mọ́ ọn.

Èmi náà gbé e mì, mo tún bẹ̀ ẹ́ fún tọdún yìí. Ó ní òun máa gba ₦60,000. Kí èèyàn tó wá sùn nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀! Mo sọ fún ọkọ mi, ó ń wo bọ́ọ̀lù, ó ní "ẹ jọ yanjú ẹ̀."

Aládùúgbò wa ńkọ́? A ò kí ara wa mọ́ látìgbà tí adìyẹ wọn ti ń wá su sórí kọnkéré tí mò ń sá èlùbọ́ sí. Mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́, wọ́n ní adìyẹ ò mọ ààlà. Ìyẹn di ọjọ́ mìíràn.

Ọkọ̀ wa ò ní wàhálà, wọ́n ti bá wa ṣe é. Ọ̀rọ̀ ilé ni kí ẹ gbà mí nímọ̀ràn sí. Ta ni kí n kó kọ́kọ́rọ́ fún? Àbí kí n ti géètì pa, kí n máa lọ?

Ìyá Ìbejì Ìgbọ̀nnà:

Má fi àgádágodo sí géètì láti ìta o, ọmọ ìyá mi. Ẹni tó bá ń kọjá á kàn wò ó báyìí, á mọ̀ pé kò sẹ́nìkan nílé. Inú ni kí ó wà, kí ẹ gba ẹnu ọ̀nà kékeré jáde.

Àmọ́ ní tèmi, olè kọ́ ló bá wa, omi ni. Ìkómọ la bá lọ sí Ìlọrin. Kí a tó jáde, kò sí iná, kò sí omi. Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì yí ẹ̀rọ omi kíṣìnnì, nǹkankan ò jáde, ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kàn-ìn-kàn-ìn sì wà lójú ihò síǹkì. Bí nẹ́pà ṣe mú iná dé, pọ́ǹpù wa tó máa ń tan ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin lomi fi ṣàn. Nígbà tí a ṣílẹ̀kùn, bàtà ọmọ mi kan ló ń léfòó bọ̀ wá pàdé wa níwájú tẹlifíṣọ̀n. Kápẹ́ẹ̀tì wú bíi búrẹ́dì tí wọ́n rì bọ tíì. Mo jókòó sórí àpótí ẹrù mi lójú ọ̀nà, mo bú sẹ́kún. Ẹ pa pọ́ǹpù, kí ẹ sì ti omi pa láti ìdí táńkì.

Bàbá Ràṣíìdì:

Gbogbo èèyàn ń wálé láti Èkó lásìkò ọdún, ẹ̀yin ń gbéra kúrò n'Óṣogbo. Ó dáa náà. Ibo lẹ ń lọ? Ọjọ́ mélòó? Ẹ̀yin mélòó? Irú ọkọ̀ wo? Ẹ ò sọ ìkankan, adìyẹ lẹ sọ.

Onítáyà Ọ̀nà Gbọ̀ngán:

Ẹ ní wọ́n ti ṣe ọkọ̀. Kí ni wọ́n ṣe gan-an? Torí ọ́ìlì ni ẹlòmíràn máa pààrọ̀ tí á ní òun ti ṣe ọkọ̀. Ẹ tẹ̀ wo ara táyà, ẹ máa rí DOT, ẹ wá ka nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn fún mi.

Ẹni tó béèrè:

Àgbádárìgì là ń lọ, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń gbé ibẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún. Ọmọ mi àgbà ti kà nílé ìwé nípa ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ nílẹ̀ Nàìjíríà tí wọ́n parí ní 1845, ó ní àfi kí òun fojú ara òun rí i. Corolla la ní. Èmi, ọkọ mi, ọmọ mẹ́rin. Àbíkẹ́yìn á wà lẹ́sẹ̀ mi níwájú.

Ọ́ìlì ni wọ́n pààrọ̀, àti púlọ́ọ̀gì. Ẹ̀yin ń sọ táyà, èmi ń sọ ẹni tó fẹ́ gba ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún lọ́wọ́ mi.

Alhaja Alẹ́kúwodò:

Ọmọ lẹ́sẹ̀ níwájú, láti Òṣogbo dé Àgbádárìgì? Bí wọ́n bá tẹ bíréèkì lójijì ńkọ́, ṣé ọwọ́ ẹ ló máa dá a dúró? Ẹ̀yìn lọmọdé ń jókòó sí. Ẹ jẹ́ kí àgbà inú wọn wọ ọkọ̀ èrò pẹ̀lú bàbá rẹ̀, tàbí kí ìwọ wọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ilé: ẹ tan iná ìta sílẹ̀, kí ẹ sọ fún alága ẹgbẹ́ onílé àti àwọn ọlọ́dẹ yín. Kí o sì lọ bá aládùúgbò rẹ yẹn. Lásìkò ọyẹ́ yìí, eruku àti ewé tó bá kó jọ síwájú géètì fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó ju kéde lọ. Ọmọ wọn ló lè máa bá ẹ gbá a.

Tíṣà Òkè-Fìà:

Alhaja, mo bẹ̀ yín, ẹ má ní kó tan iná sílẹ̀. Iná tó ń jó lọ́sàn-án gangan ló ń pe olè. Kó pa gbogbo ẹ̀.

Alhaja Alẹ́kúwodò:

Tíṣà, kí ilé wá ṣókùnkùn fún ọjọ́ mẹ́rìndínlógún? Ìyẹn náà ò ń pe olè?

Tíṣà Òkè-Fìà:

Gílóòbù kan wà tó máa ń tan fúnra rẹ̀ tílẹ̀ bá ṣú, tí á kú tílẹ̀ bá mọ́. Kó ra ìyẹn.

Alhaja Alẹ́kúwodò:

Ṣé o rí i pé iná náà lo wá sọ.

Ọmọ Ọ̀ṣun Gidi:

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ: ẹ má gbé ìrìn àjò yín sí status WhatsApp títí ẹ ó fi dé.

Ẹni tó béèrè:

Mo ti gbé e síbẹ̀ o. Aṣọ ni mò ń tà, ó yẹ kí àwọn oníbàárà mi mọ ọjọ́ tí mò ń lọ àtọjọ́ tí mò ń bọ̀. Èèyàn mi nìkan ló ń wo status mi.

Ọmọ Ọ̀ṣun Gidi:

Èèyàn yín mélòó?

Ẹni tó béèrè:

Bíi ọ̀ọ́dúnrún.

Bàbá Ràṣíìdì:

😂 Ọ̀ọ́dúnrún èèyàn ló mọ ọjọ́ tílé ò ní ní ẹnìkan, ẹni tó mọ iye ẹran inú fírísà lẹ ń bá jà.

Ẹni tó béèrè:

Mo ti yọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, fírísà ńkọ́, ṣé kí n fi í sílẹ̀ sórí iná? Onítáyà, nọ́ńbà yín rè é: 3916. Ọkọ mi ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ra táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni, ojú wọn ṣì ń dán.

Onítáyà Ọ̀nà Gbọ̀ngán:

39 ni ọ̀sẹ̀, 16 ni ọdún: ọ̀sẹ̀ kọkàndínlógójì ọdún 2016 ni wọ́n ṣe táyà yẹn. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn lọkọ yín rà á, kì í ṣe ìgbà yẹn ni wọ́n ṣe é. Ó ń dán torí wọ́n ti fi omi dúdú kùn ún, èmi náà mọ bí wọ́n ṣe ń kùn ún. Ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, kí ẹ wá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ẹ máa rí àwọn ìlà tín-ín-rín tó sán bíi ẹrẹ̀ tó gbẹ. Rọ́bà ń gbó bó tilẹ̀ wà nílẹ̀ láìrìn. Nígboro, ó lè máa gbé yín kiri. Tí ẹ bá wá kó èèyàn mẹ́fà àtẹrù sí i, tí ẹ ń sáré lórí ọ̀dà gbígbóná láti Ìbàdàn sí Èkó, ibẹ̀ ló ti máa ń bẹ́.

Bàbá Ràṣíìdì:

Ẹ má dẹ́rù bà wọ́n jù. Tòkunbọ̀ ló dáa ju àwọn tuntun ìsinsìnyí lọ.

Onítáyà Ọ̀nà Gbọ̀ngán:

Bàbá, èmi ni mò ń ta tòkunbọ̀. Èmi tí mò ń tà á ni mo ní kí wọ́n má gbé e rin ọ̀nà jíjìn.

Bí táyà bá bẹ́ lórí eré, kí ọkọ yín má tẹ bíréèkì o. Kó di ọwọ́ ọkọ̀ mú gírígírí, kó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí eré, kí ọkọ̀ rọra fúnra ẹ̀. Àárọ̀ kùtùkùtù kí ọkọ̀ tó rìn ni kí ẹ fẹ́ táyà. Iye afẹ́fẹ́ tó yẹ wà lára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀. Ẹ wo síípéà náà, ọ̀pọ̀ ló ń gbé síípéà tí kò ní afẹ́fẹ́ nínú kiri. Jáàkì, sípánà, C-caution, panápaná kékeré, kí gbogbo ẹ̀ wà níbi tọ́wọ́ lè tó o, kì í ṣe lábẹ́ àpò gàrí. Nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni 122.

Alhaja Alẹ́kúwodò:

Fírísà: ẹ jẹ ohun tó wà nínú ẹ̀ tán, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, ẹ fi nǹkan ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀ díẹ̀ kó má hu. Bí iná bá ń lọ tó ń bọ̀, ẹran á yọ́, á tún dì, ẹ ò ní mọ̀, ẹ máa dé sè é jẹ. Kí ẹ pa méènì tó ń gbé iná wọ inú ilé, kí ẹ fi tìta nìkan sílẹ̀. Kí ẹ pa gáàsì láti orí sílíńdà, kì í ṣe orí ìdáná nìkan. Bí ẹ bá ní epo bẹntiróòlù nínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ gbé e kúrò nínú ilé.

Ẹni tó béèrè:

Ẹ ṣé, Alhaja. Ṣùgbọ́n mi ò lè pa méènì, Màmá kì í sùn nínú òkùnkùn. Gáàsì náà, òun ni wọ́n fi ń po ògì láàárọ̀.

Tíṣà Òkè-Fìà:

Màmá wo?

Ìyá Ìbejì Ìgbọ̀nnà:

Màmá wo???

Ẹni tó béèrè:

Ìyá ọkọ mi. Ọdún kẹta rè é tí wọ́n ti ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni wọ́n, ara wọn le dáadáa, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan ni wọ́n ń lò, wọn ò kàn gbọ́ràn púpọ̀ mọ́. Wọn ò fẹ́ràn ìrìn àjò, ọkọ̀ ò sì ní gbà wọ́n. Mi ò rò pé ó kan ọ̀rọ̀ yìí, ilé ni mo béèrè.

Ìyá Ìbejì Ìgbọ̀nnà:

Ẹ gbà mí o! Láti àárọ̀ la ti ń sọ àgádágodo, ìwọ mọ̀ pé èèyàn wà nínú ilé! Bí mo bá ní kó o ti géètì pa lóòótọ́ ńkọ́?

Tíṣà Òkè-Fìà:

Ìyẹn ni pé kì í ṣe ẹni tó máa ṣọ́ ilé lẹ ń wá. Ẹni tó máa tọ́jú Màmá lẹ ń wá, ẹ wá pè é ní kó wá sùn.

Ọkọ Mi Kékeré:

Ìyàwó wa, ẹ kú ọ̀sán. Èmi ni. Ìkòkò yẹn ni mo fi dá yín mọ̀.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù fóònù ní Ọjà Ọba, aago mẹ́jọ ni mò ń ṣí i, alẹ́ ni mò ń tì í. Tí mo bá wá ń sùn lọ́dọ̀ yín, ta ló máa wà pẹ̀lú Màmá lọ́sàn-án? Mo bá ìyá kan sọ̀rọ̀ tó máa wà pẹ̀lú wọn fún ọjọ́ mẹ́rìndínlógún, ₦60,000 ló ní òun máa gbà. Kọ́bọ̀ kan ò wọ àpò mi níbẹ̀. Mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi. Bóyá bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń wò.

Ẹran yẹn, Màmá ló ní kí n sè é fún àwọn ẹgbẹ́ àsàlátù wọn tó wá kí wọn. Gáàsì tán lọ́jọ́ kejì, orí sítóòfù oníná ni mo ti ń se gbogbo nǹkan. Ẹ̀wà jóná torí oògùn Màmá tán, mo sáré lọ rà á, kẹ́míìsì àkọ́kọ́ ò ní in. Wọ́n ní kí n má sọ fún yín, pé ẹ máa rò pé àwọn ń ná yín lówó. Ìyẹn ni mo ṣe ní mo lọ aṣọ.

Ẹni tó béèrè:

Alákòóso, ṣé bí mo ṣe ní kí ẹ bo orúkọ mi nìyí?

Ọkọ mi kékeré, kí ló dé tí ẹ ò pè mí kí ẹ sọ fún mi?

Ọkọ Mi Kékeré:

Ẹ ò bi mí, ìyàwó wa. Ẹ kàn ń ka ọ̀rá ẹran.

Alákòóso:

Orúkọ wọn ò jáde o, wọ́n fúnra wọn ló sọ ti ìkòkò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bú ẹnikẹ́ni.

Alhaja Alẹ́kúwodò:

Gbogbo yín ẹ dúró. Ta ló ti bi Màmá pé ibo ni wọ́n fẹ́ wà?

(Ọjọ́ kejì)

Ẹni tó béèrè:

Ẹ kú àná. Mo bi wọ́n lálẹ́ àná, mo jókòó sẹ́bàá etí wọn tó ṣì ń gbọ́. Wọ́n ní láti oṣù Ramadan làwọn ti ń sọ fọ́mọ àwọn pé kó gbé àwọn lọ sọ́dọ̀ àbúrò àwọn obìnrin ní Ìkìrun, pé ó ní "ó máa yá". Ọkọ mi ò lè wojú mi. Ó máa gbé wọn lọ lọ́jọ́bọ̀, mo ti di oògùn oṣù kan sínú báàgì wọn, mo kọ àárọ̀ àti alẹ́ sára páálí kọ̀ọ̀kan gàdàgbà gàdàgbà.

Ó ti ra táyà tuntun méjì. Àgbà ọmọ àti èmi máa wọ ọkọ̀ èrò. Ti adìyẹ, mi ò tíì ṣe tán láti sọ ọ́.

Ilé wá máa ṣófo báyìí o. Ẹ jọ̀ọ́, àgádágodo yẹn, inú lẹ ní àbí ìta?

Onítáyà Ọ̀nà Gbọ̀ngán:

Táyà méjì? Táyà mẹ́rin lọkọ̀ ní, ìyá wa.

Ọkọ Mi Kékeré:

Ìyàwó wa, bí Màmá bá ti wà n'Íkìrun, èmi á máa wá sùn síbẹ̀, mi ò gba nǹkankan. Ẹ fi ọ̀rá ẹran méjì sílẹ̀.