Èémí jíjìn tàbí mímí kanlẹ̀: èwo ni ká pè é?

Ẹ̀yin àgbà èdè, ẹ̀yin ọ̀rẹ́,

Mo kí gbogbo yín o. Ìbéèrè tí ẹ̀gbọ́n wa olùkọ́ fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ mẹ́ta sẹ́yìn kò jẹ́ kí n sinmi. Wọ́n ní àwọn ń kọ ìwé pélébé kan fún àwọn tó fẹ́ máa sọ̀rọ̀ láwùjọ láìgbọ̀n, wọ́n sì ń wá orúkọ fún irú mímí tó máa ń mú ara rọlẹ̀ kí èèyàn tó dìde sọ̀rọ̀. Àwọn fúnra wọn dábàá “èémí jíjìn”. Ẹlòmíràn ní “èémí ikùn” ló dára jù. Ẹnì kẹta ní ká kúkú fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, nítorí pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ti ẹnì kẹta yìí ni mo fẹ́ kọ́kọ́ fèsì sí, torí pé ó dùn mí. Ibi tí ẹ̀rù àti èémí ti pàdé wà lára ibi tí èdè wa ti lọ́rọ̀ jù lọ. Àyà ni a kó gbogbo rẹ̀ sí. Bí ẹ̀rù bá dé lójijì, àyà á já. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀, àyà á máa lù kì kì kì. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò gbé e mọ́ páyà, ẹni tí kò sá láyà, ẹni tó sì dìde láìka ẹ̀rù sí gbóyà. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá rọlẹ̀ tán, a ó ní àyà balẹ̀. Inú àyà kan náà yìí ni ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóóró ń gbé. Àwọn tó kọ́kọ́ sọ pé àyà balẹ̀ ti kíyè sí i pé nǹkan kan wà nínú wa tó ń fò sókè nígbà ẹ̀rù, tó sì gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ kí ara tó tù wá. Ẹ jẹ́ ká fi “balẹ̀” yẹn sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni mo ń lọ.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi, “èémí jíjìn” kò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo gbà pé ó yé èèyàn. Àmọ́ kànga ló ń jìn, ọ̀nà ló ń jìn. Bí a bá sọ pé kí ẹnì kan mí èémí tó jìn, ohun tó máa gbọ́ ni pé kó fa afẹ́fẹ́ púpọ̀. Mo ti rí i lójú ara mi. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan fẹ́ sọ̀rọ̀ níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì máa ń gbọ̀n, ó wá ní kí n ran òun lọ́wọ́. Mo sọ fún un pé kó mí èémí jíjìn. Èjìká rẹ̀ gbéra, ó fẹ́ẹ̀ kan etí, ikùn rẹ̀ wọlé, ó fa afẹ́fẹ́ bí ẹni tó fẹ́ mòòkùn. Ìgbà tó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹrin, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, òòyì ń kọ́ mi.”

Kò ṣàṣìṣe kankan. Ohun tí ọ̀rọ̀ mi sọ ló ṣe. Bí èèyàn bá ń mí ju bí ara ṣe nílò lọ, carbon dioxide, ìyẹn afẹ́fẹ́ tí ara ń tú jáde bí a bá mí síta, á dín kù jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ á súnkì, òòyì á sì máa kọ́ ọ. Àwọn mìíràn á ní ó ń ṣe ìka àwọn bí ẹni pé èèrà ń rìn níbẹ̀. Ẹni tí àyà rẹ̀ ti ń já tẹ́lẹ̀ tó wá rí èyí, á rò pé òun fẹ́ dákú ni.

Mo wá yí ọ̀rọ̀ padà. Mo ní kó fi ọwọ́ lé ikùn, kó sì mí kanlẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀. Kí n tó parí ọ̀rọ̀, èjìká rẹ̀ ti wálẹ̀. Mi ò kọ́ ọ ní nǹkan kan. Ara rẹ̀ ti mọ bí a ṣe ń mí kanlẹ̀ kí a tó pàdé, torí inú ilé ló ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti kékeré.

Ìdí nìyẹn tí mo fi dábàá “mímí kanlẹ̀”. Ẹnì kan lè sọ pé “jinlẹ̀” náà ní ilẹ̀ nínú, kí ló wá dé tí a kò lè sọ pé “mí jinlẹ̀”? Òótọ́ ni pé ilẹ̀ wà nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n ohun tó jinlẹ̀, bí ó ti jìnnà tó là ń wò. Ohun tó kanlẹ̀, ó ti dé ilẹ̀, ó ti rí ibi gúnlẹ̀ sí. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kò nílò kí èémí rẹ̀ rìn jìnnà, ó nílò kó rí ibi gúnlẹ̀ sí.

Ara wa náà sì jẹ́rìí sí i. Iṣan pẹlẹbẹ kan wà láàárín àyà àti ikùn, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní diaphragm, ó tẹ̀ sókè bí abọ́ tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Bí a bá ń mí sínú, yóò súnkì, yóò tẹ́, yóò sọ̀kalẹ̀, àyè yóò sì gba ẹ̀dọ̀fóóró láti fẹ̀. Àwọn ohun inú ikùn tó tì sísàlẹ̀ ló ń mú kí ikùn yọ síwájú. Bí a bá mí síta, yóò gòkè padà sí àyè rẹ̀. Ẹ rí i pé afẹ́fẹ́ kò dé inú ikùn rárá. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n gba “èémí ikùn” wọlé. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á máa fi tipátipá ti ikùn síta, á rò pé òun ti mí, nígbà tó jẹ́ pé ikùn nìkan ló gbé. Ọwọ́ tí a fi lé ikùn wà fún ẹ̀rí lásán, kí a lè mọ̀ pé iṣan òkè yẹn ń ṣiṣẹ́.

Kí ni ká wá pe iṣan náà? Mo rí i pé ẹnì kan kọ “iṣan èémí”. Ẹrù ti pọ̀ jù lórí ọ̀rọ̀ yìí, iṣan. Èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀, iṣan ni. Èyí tó ń gbé apá sókè, iṣan ni. Èyí tó ń bá ọpọlọ jíṣẹ́, iṣan náà ni. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn iṣan àárín egungun ìhà náà ń bá wa mí. Mo dábàá “àjà inú”. Àjà ilé ni mo ní lọ́kàn: òrùlé ni fún ẹni tó wà nísàlẹ̀, ilẹ̀ ni fún ẹni tó wà lókè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni iṣan yìí ṣe rí, òrùlé ikùn, ilẹ̀ àyà. Bí a bá sì ti ń pè é ní ilẹ̀ àyà, ẹ wo bí “mí kanlẹ̀” àti “àyà balẹ̀” ṣe wá dọ́gba! Inú mi dùn gan-an nígbà tí mo rí èyí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa fi àmì sí i dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má kà á sí ẹran tó ń gbó.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo mọ̀ pé wọ́n á fi ta kò mí: pé ẹni tí ìbànújẹ́ bá ló ń mí kanlẹ̀, kò sì yẹ ká fi ohun ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kọ́ ẹni tó fẹ́ gbóyà. Mo rò ó títí. Ìdáhùn mi ni pé èdè wa ti ya èyí sọ́tọ̀ tẹ́lẹ̀. Ti ìbànújẹ́ ni ìmí ẹ̀dùn. Orúkọ rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Mímí kanlẹ̀ gbòòrò jù ú lọ. Ẹni tó ń dúró de èsì ìdánwò tó wá gbọ́ pé òun yege, á mí kanlẹ̀. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ sọnù tó sì rí i, á mí kanlẹ̀ kó tó sọ ohunkóhun. Ẹrù tó sọ̀ kalẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí, yálà ẹrù ayọ̀ ni tàbí ti ìbànújẹ́.

Ara fúnra rẹ̀ tilẹ̀ máa ń ṣe é láìbéèrè lọ́wọ́ wa, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú 5, kí àwọn àpò afẹ́fẹ́ wínníwínní tó ti pa dé nínú ẹ̀dọ̀fóóró lè ṣí padà. Ní ọdún 2023, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn máa fi ìṣẹ́jú 5 lójúmọ́ mí ní ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà mélòó kan fún ọjọ́ 28. Ọ̀nà tó mú inú àwọn tó ṣe é yọ̀ jù lọ ni èyí tó jọ mímí kanlẹ̀: mí sínú nímú, fi díẹ̀ kún un, kí o wá rọra tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu. Kò sí ẹni tó lè sọ fún mi lẹ́yìn èyí pé ohun tí àwọn ìyá wa ń pè ní mímí kanlẹ̀ kò tó kọ sínú ìwé.

Ẹ kíyè sí i pé ìtúsílẹ̀ yẹn ló gùn. Ọkàn máa ń yára díẹ̀ bí a bá ń mí sínú, ó sì máa ń rọra bí a bá ń mí síta. Àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ máa ń mí tó ìgbà 12 sí 20 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú àáyá 4 mí sínú, tó fi 6 mí síta, ìgbà 6 péré ni yóò mí. Àwọn onímọ̀ èdè wa ti bá wa sọ méjèèjì lórúkọ tipẹ́: èémí àmísínú àti èémí àmísóde. Mo bẹ ẹ̀gbọ́n wa pé kí wọ́n lò wọ́n bẹ́ẹ̀. Àmísóde ni a fi ń sọ̀rọ̀, òun ló ń gba àárín tán-án-ná, ohun tó ń gbọ̀n nínú ọ̀fun, kọjá tí ohùn fi ń jáde. Bí ó bá tán nígbà tí gbólóhùn kò tíì tán, ohùn á rẹ̀ sílẹ̀, àwọn ohùn òkè tó kẹ́yìn kò sì ní lè gòkè mọ́. Nínú èdè tó jẹ́ pé ohùn ló ń ya ọkọ́ sọ́tọ̀ lára ọkọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Nítorí náà, kí asọ̀rọ̀ má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èémí ààbọ̀. Kó dìde, kó mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kó jẹ́ kí èémí tuntun wọlé fúnra rẹ̀, kó tó la ẹnu. Bí gbólóhùn bá parí, kó dánu dúró. “Ìdánudúró” ti wà, ẹ má ṣe wá orúkọ mìíràn fún un.

Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó kù, n ó yára sọ wọ́n. Ẹ yan “èémí” dípò “ìmí” nínú àkọlé ìwé náà, torí ibi gbogbo kọ́ ni wọn yóò ti fi àmì ohùn sí i, “imi” tí kò lámì yóò sì kó ìtìjú bá wa. Ẹ má sì jẹ́ kí ó di “ẹ̀mí”: èémí ló ń wọlé tó ń jáde ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú, ẹ̀mí bá jáde tán, ó di gbére. Fún ìdí kan náà, “dá èémí dúró” kò bá mi lára mu fún ẹni tí a fẹ́ kó fara balẹ̀. “Pa èémí mọ́” rọrùn létí jù. Ní ti irú mímí tí wọ́n ń pè ní onígun mẹ́rin (“box breathing” lédè Gẹ̀ẹ́sì), “mẹ́rin-mẹ́rin” ti tó: mí sínú fún 4, pa á mọ́ fún 4, tú u sílẹ̀ fún 4, dúró fún 4. Ẹni tó kọ̀wé pé inú “mí” ni “sinmi” ti jáde, ó dùn létí lóòótọ́, àmọ́ ohùn òkè ni “mí”, ohùn àárín sì ni ìparí “sinmi”. Ẹ má jẹ́ ká kọ́lé sórí rẹ̀. Ní ti ìdánilójú ara ẹni, mo bẹ̀rù pé “ìdára-ẹni-lójú” ti sún mọ́ “ìjọra-ẹni-lójú” jù, olùkà sì lè rò pé ìgbéraga là ń kọ́ òun. Ẹ jẹ́ ká dúró lórí “ìgboyà”, ká sì fi “ìfàyàbalẹ̀” tì í.

Ó wá ku ẹyọ kan ṣoṣo tí èdè kò tíì bá wa ṣe: èémí kékeré kejì yẹn, èyí tí a fi ń kún ti àkọ́kọ́ kí a tó tú u sílẹ̀. Ọmọdé tó sunkún títí tó wá dákẹ́ máa ń ṣe é láìmọ̀. Bí a ṣe rí “àfikún” láti inú “fi kún”, mo dábàá “àmíkún”: mí sínú, fi àmíkún sí i, kí o wá mí kanlẹ̀. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ lẹ́nu àwọn ọmọ mẹ́ta nínú ilé, kò sì sí èyí tó béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Bí ẹ̀ka èdè tiyín bá ní ọ̀rọ̀ kan fún èémí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún tán yẹn, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ kí ẹ̀gbọ́n tó gbé ìwé wọn lọ tẹ̀. Bí ó bá ju “àmíkún” lọ, èmi ni n ó kọ́kọ́ gbà á.