Mo so ṣéèpù méjì pọ̀ nínú FreeCAD, ó tún já sí méjì lọ́wọ́ mi

omo_kabba:
Okun o, ẹ̀yin tèmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí, ó ti sú mi. Ṣípíréyà tí bàbá mi fi ń fín oko ló kán lọ́rùn, ibi tí họ́ọ̀sì ti ń wọlé gan-an, mo wá ike yẹn káàkiri ọjà Kabba mi ò rí i rà, gbogbo wọn ní àfi kí n ra odidi ṣípíréyà tuntun. Mo wá ní kí n kúkú fúnra mi yà á nínú FreeCAD, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya nǹkan, kí wọ́n fi 3D printer tẹ̀ ẹ́ fún mi ní Ìlọrin. Kì í ṣe nǹkan tó le: àwo pẹlẹbẹ kan, 40 × 40, ó nípọn tó 6 mm, páìpù dúró sí àárín ẹ̀, ìta páìpù 20, inú ẹ̀ 12, gíga ẹ̀ 30.

Mo kọ́kọ́ ṣe páìpù, mo fi sílíńdà kékeré gbẹ́ inú ńlá, mo wá gbé e lé àwo lórí, mo ń fi mouse fà á títí ó fi jókòó dáadáa lójú mi, mo bá tẹ Union, bọ́tìnì tó ń so nǹkan pọ̀. Ó dà bíi pé ó ti parí. Àfi bí ọ̀rẹ́ mi ṣe gbé e dé lánàá, mo ní kí n dì í mú báyìí, páìpù lọ́tọ̀, àwo lọ́tọ̀! Èyí tó wá dùn mí jù ni pé ká tiẹ̀ ní ó lẹ̀, omi ò lè kọjá, ìdí páìpù dí pa torí àwo ò ní ihò. Mo fẹ́ fi Cut, bọ́tìnì tó ń gé nǹkan kúrò, lu ihò ọ̀hún, ni gbogbo nǹkan bá pòórá, ó ku sílíńdà kan ṣoṣo tó ń wò mí. Owó ti lọ o. Kí ni mo ṣe tí ò dáa?

egbe_drafting:
Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Ojú lo fi ń wọn nǹkan, kọ̀ǹpútà ò sì mọ ohun tó ń jẹ́ "ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án". Tẹ páìpù yẹn, lọ wo Placement ẹ̀, ìyẹn ibi tó jókòó sí, wo Z, bí ìdí ẹ̀ ṣe ga sókè tó. Mo lè búra pé kì í ṣe 6 gééré ló wà níbẹ̀, á jẹ́ 6.3 àbí nǹkan tó jọ ọ́. Tí àlàfo bá ti wà láàárín wọn, bó ti wù kó kéré tó, Union ò ní bá ẹ dí i, á kàn kó àwọn méjèèjì sábẹ́ orúkọ kan ni. Orúkọ kan, ara méjì. Lo Check Geometry, á ka iye solid, ìyẹn ara tó dá dúró, tó wà níbẹ̀ fún ẹ, tó bá pè é ní 2, kò tíì so nìyẹn.

Má tiẹ̀ jẹ́ kí wọ́n kàn ara wọn lásán, jẹ́ kí ọ̀kan wọnú èkejì díẹ̀. Gbé páìpù sí Z = 5, sọ gíga ẹ̀ di 31, orí ẹ̀ á ṣì wà ní 36 bó o ṣe fẹ́ ẹ, àmọ́ ìdí ẹ̀ á ti rì sínú àwo ní 1 mm. Ibi tí wọ́n ti wọnú ara wọn yẹn ò ní nípọn sí i o, ẹ̀ẹ̀kan ni Union máa kà á.

Ti ihò ńkọ́? Ìgbà tó ò ń gbẹ́ inú páìpù, àwo ò tíì sí níbẹ̀, báwo ni ihò ṣe fẹ́ dé ara àwo? Kọ́kọ́ so gbogbo ohun tó máa jẹ́ ara pọ̀, páìpù tí inú ẹ̀ ṣì kún àti àwo, kó o tó wá lu ihò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó gba inú àwọn méjèèjì já. Kí sílíńdà tó o fẹ́ fi lù ú gùn ju ara lọ lókè àti nísàlẹ̀, Z = -2, gíga 40, kó má baà fi awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan sílẹ̀ fún ẹ lójú ihò.

Tó o bá dé ibi Cut, èyí tó o bá kọ́kọ́ tẹ̀ ló máa kù, èyí tó o tẹ̀ ṣìkejì ni ọ̀bẹ. O ti fi iṣu gé ọ̀bẹ ni 😂

welder_isanlu:
Èmi ò mọ FreeCAD o, iṣẹ́ wẹ́dà ni mò ń ṣe, ọmọ mi ló fi ibí hàn mí. Àmọ́ mo mọ ṣípíréyà. Ibi tí ti àkọ́kọ́ ti kán náà ni tuntun á ti kán tí igun ìdí páìpù bá ṣe gún báyìí. Táwa bá jó páìpù mọ́ pẹpẹ irin, a máa ń jẹ́ kí iná yí ìdí ẹ̀ ká kó sanra níbẹ̀. Ṣé ẹ̀yin ò ní irú ẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà yín ni? Mo tún fẹ́ béèrè, ọmọ mi fi bọ́tìnì kan hàn mí tí wọ́n kọ Common sí lára, kí nìyẹn ń ṣe?

mopa_cad:
Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ó wà, Fillet ni wọ́n ń pè é, 2 sí 3 mm á dáa níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dìgbà tí Union àti Cut bá ti parí pátápátá, torí tí wọ́n bá padà lọ yí nǹkan nísàlẹ̀, Fillet lè ya wèrè, kó má mọ igun tó wà fún mọ́.

Common yẹn, ẹ ro ó bí oko méjì tí ààlà wọn dà rú, tí èmi ní ibí ni tèmi dé, tí ẹ̀yin náà ní ibí ni tiyín bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ tí àwa méjèèjì jọ ń jà lé lórí, òun nìkan ni Common máa fi sílẹ̀, á wó ìyókù dànù. Kì í ṣe ohun tí omo_kabba nílò rárá.

Omo_kabba, radius ni FreeCAD ń béèrè fún sílíńdà o, kì í ṣe diameter! Tí ìta bá jẹ́ 20, 10 lo máa kọ. Igun ni Box, ìyẹn àwo ẹ, sì ti ń bẹ̀rẹ̀ níbi tí sílíńdà ti ń bẹ̀rẹ̀ láti àárín, torí náà fi sílíńdà méjèèjì sí X = 20, Y = 20. Èmi ò kì í fi mouse fa nǹkan kan mọ́ láyé mi, OpenSCAD, ètò tí wọ́n ń fi kóòdù ya nǹkan, ni mò ń lò, mo máa ń kọ ọ́ ni:

difference() {
  union() {
    cube([40,40,6]);
    translate([20,20,5]) cylinder(h=31, r=10);
  }
  translate([20,20,-2]) cylinder(h=40, r=6);
}

Tẹ F5 láti wò ó, F6 kó o tó lè mú STL, fáìlì tí 3D printer ń lò, jáde. Laptop mi ti gbó, kò yọ ọ́ lẹ́nu.

egbe_drafting:
OpenSCAD dáa, àmọ́ kò yẹ ká ní kí ẹni tó ti ń ya FreeCAD lọ bẹ̀rẹ̀ kóòdù torí ihò kan. Àbúrò, tó o bá tẹ̀ ẹ́ tán, má fi í sílẹ̀ sínú oòrùn tó bá jẹ́ ike PLA, bíi 60°C ló ti ń rọ̀. Ike PETG ni kó o béèrè.

omo_kabba:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, 6.4 ni Z yẹn! Mo ti tún un ṣe, Check Geometry pè é ní 1, ihò já gbangba, Fillet 3 wà nídìí ẹ̀. Mo ti fi STL ránṣẹ́ sí Ìlọrin báyìí kí iná tó lọ.

welder_isanlu:
O káre. Ihò skúrù mẹ́rin tí wọ́n máa fi de àwo yẹn mọ́ ṣípíréyà ńkọ́?

omo_kabba:
Haaa.

Ẹ jẹ́ kí n pè wọ́n.