Fáìlì wà níbẹ̀, Linux ní kò sí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ bẹ́ ẹ ṣe gbé láìsẹ́ǹsì àjọlò sórí Windows, ẹ gbọ́ tèmi lórí Linux. Àwa mẹ́fà là ń ya àwòrán ẹ̀rọ ní ọ́fíìsì wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, láìsẹ́ǹsì mẹ́ta péré (àṣẹ láti lo sọ́fíwéà tá a fi ń yà á) sì ni ọ̀gá rà. Ìjẹ̀bú paraku ni, kò ní ra mẹ́fà. Ó ní kí n gbé e sórí kọ̀ǹpútà kan tó ń lo Ubuntu 22.04, irú Linux kan, ká jọ máa yá a lò láti ibẹ̀. Ọjọ́ kejì Iléyá ni mo mú, torí ọ́fíìsì máa dá páropáro. Mo sọ fún ìyàwó mi pé wákàtí kan ni.

Mo tẹ ./lmgrd, láti gbé ètò tó ń pín láìsẹ́ǹsì fún àwọn kọ̀ǹpútà yòókù dìde. Ó fèsì: "No such file or directory." Mo tẹ ls láti wo àwọn fáìlì tó wà níbẹ̀, lmgrd jókòó síbẹ̀ bí ọmọ onílé. Mo ṣe chmod láti fún un láṣẹ kó ṣiṣẹ́, ẹjọ́ kan náà. Mo pa á rẹ́, mo tún un dánlóòdù, pàbó. Ìlù àwọn tó ń múra Ojúde Ọba ọ̀la ń dún níta, èmi ń bá fáìlì jà.

Mo pe ẹ̀gbọ́n kan ní Ṣágámù. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Àbúrò, kì í ṣe lmgrd ni kò rí. Ẹni tó máa gbé lmgrd dìde ni kò rí." Ó ní kí n tẹ readelf -l lmgrd, kí n lè rí fáìlì tó máa gbé e dìde. Lóòótọ́, /lib64/ld-lsb-x86-64.so.3 ló ń wá, kò sì sí lórí ẹ̀rọ wa. Mo fi lsb-core, àkójọ tó ní fáìlì yẹn, sí i, ó dìde wẹ́rẹ́. Ẹ̀gbọ́n tún kìlọ̀ pé kí n má fi root, àkáǹtì tó ní gbogbo àṣẹ lórí ẹ̀rọ, gbé e.

Ti MAC address, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n so láìsẹ́ǹsì mọ́, ò yọ mí lẹ́nu. Mo ti fi lmutil lmhostid wò ó kí n tó fi ránṣẹ́ sí àwọn tó tà á fún wa. Ìyẹn nìkan ni mo ṣe bó ṣe yẹ!

Mo wo log, àkọsílẹ̀ ohun tí lmgrd ń ṣe, mo ṣí pọ́ọ̀tù méjì (ẹnu ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì) tí mo rí níbẹ̀ ní ufw, ògiri ààbò Ubuntu, kọ̀ǹpútà kejì sì rí láìsẹ́ǹsì. Bí mo ṣe ń palẹ̀ mọ́ ni wọ́n mú iná lọ. Iná dé, kọ̀ǹpútà kejì kò rí láìsẹ́ǹsì mọ́. Àṣé lmgrd kì í kúrò lórí 27000 tí mo fún un, àmọ́ vendor daemon, ètò kejì tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tó ni sọ́fíwéà, máa ń yan pọ́ọ̀tù mìíràn nígbàkígbà tó bá tún dìde. Mo kọ PORT=27010 sẹ́yìn ìlà VENDOR nínú fáìlì láìsẹ́ǹsì, mo ṣí ìyẹn, mo fa iná kọ̀ǹpútà yọ fúnra mi láti dán an wò. Ó gbà.

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni mo délé. Ìkọ́kọrẹ́ ti dì gbagidi nínú abọ́. Ìyàwó mi wo aago, ó wò mí, ó ní, "Wákàtí kan, àbí?"