Ǹjẹ́ ilẹ̀ pupa ti bọ́ lọ́wọ́ Iga Swiatek?

Ará Kubwa, 5 Oṣù Kẹfà 2025

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará, ẹ sì kú ìmúra ọdún Iléyá tí a ó ṣe lọ́la. Mo tètè kúrò níbi iṣẹ́ ní ọ̀sán òní kí n lè wo tẹ́níìsì, àmọ́ títí di ìsinsìnyí tí àgbò àwọn aládùúgbò ń ké lẹ́yìn fèrèsé mi, ọkàn mi ṣì wà ní Paris. Aryna Sabalenka fi 7-6, 4-6, 6-0 na Iga Swiatek, ọmọ Poland, ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá Roland Garros, ìdíje ńlá ilẹ̀ Faransé tí wọ́n ń gbá lórí amọ̀ pupa. Sẹ́ẹ̀tì kẹta yẹn ló dùn mí jù, níbi tí ẹni tó gba ife-ẹ̀yẹ yìí ní 2020, 2022, 2023 àti 2024 kò ti rí géèmù kan ṣoṣo mú. Ayò 26 ló ti borí léraléra nínú ìdíje yìí kí òní tó dé.

Láti ìgbà tó ti gba ife ní Paris lọ́dún tó kọjá, kò tíì dé àṣekágbá ìdíje ẹlẹ́nìkan kankan mọ́. Ní ọdún yìí nìkan, Jelena Ostapenko lé e jáde ní Stuttgart, Coco Gauff fi 6-1, 6-1 nà án ní Madrid, Danielle Collins sì yọ ọ́ kúrò ní Rome, níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti gba ife lẹ́ẹ̀mẹta. Orí ilẹ̀ pupa ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀.

Ìbéèrè mi ni pé, ṣé agbára rẹ̀ ló dínkù ni, tàbí àwọn yòókù ni wọ́n ti gòkè bá a? Ẹni tí agbára rẹ̀ dínkù lè sinmi kí ó sì padà, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ti mọ ọ̀nà rẹ̀ gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà mìíràn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Olùkọ́ni Kaduna, 5 Oṣù Kẹfà 2025

Ẹ kú ìbéèrè, ará Kubwa. Àwọn ọmọdé ni mò ń kọ́ ní tẹ́níìsì ní Kaduna níbí, ojú iṣẹ́ mi ni mo sì fi wo ayò náà. Lójú tèmi, wọ́n ti gòkè bá a, kò sì bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ayò 26 tí ẹ kà yẹn, ti ìdíje Faransé nìkan ni. Zheng Qinwen ti fi 6-2, 7-5 nà án nínú pápá kan náà, lórí ilẹ̀ kan náà, nígbà ìdíje Olympics ní oṣù kẹjọ 2024.

Fọ́háńdì rẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù láti apá ọ̀tún, ló sọ ọ́ di olórí lórí amọ̀. Bó ṣe ń di rákẹ́ẹ̀tì mú, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lábẹ́ igi rẹ̀, láti ìsàlẹ̀ ló sì ti ń ha bọ́ọ̀lù lọ sókè kí ó lè máa yí kíkankíkan nínú afẹ́fẹ́. Tí irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ bá kan amọ̀, ṣe ló máa ń ta dé èjìká ẹni tó wà ní òdìkejì, olúwarẹ̀ kò sì ní lè ṣe ju pé kí ó dá a padà jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n fọ́háńdì yìí ń fẹ́ àyè, nítorí pé apá gbọ́dọ̀ lọ jìnnà sẹ́yìn kí ó tó bọ̀ síwájú. Bí bọ́ọ̀lù bá yára dé, tí kò ga, tí ó sì wọlé tààrà sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, apá kì í rí àyè yí, bọ́ọ̀lù á sì fò kọjá ìlà. Ohun tí Ostapenko ń ṣe fún un nìyẹn tí kò fi tíì borí rẹ̀ rí nínú ayò mẹ́fà tí wọ́n ti jọ gbá.

Ó pẹ́ tí Sabalenka ti ní agbára yẹn, ìfọkànbalẹ̀ ni kò ní. Ní 2022, sáàfù rẹ̀, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ ojú-àmì kọ̀ọ̀kan, bàjẹ́ débi pé léraléra ló ń gbá méjèèjì tí òfin fún un sínú àwọ̀n tàbí sí ìta, ó sì ní láti wá onímọ̀ nípa bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó jọ tún ìrìn apá rẹ̀ tò. Lẹ́yìn náà ló wá kọ́ bọ́ọ̀lù jẹ́jẹ́ tó ń kú sí ẹ̀bá àwọ̀n. Kí òní tó dé, ẹ̀ẹ̀kan ló tíì borí Swiatek nínú ẹ̀ẹ̀mẹ́fà tí wọ́n ti pàdé lórí amọ̀, ìyẹn ní Madrid ní 2023.

Ẹ tún rántí pé wọ́n pa òrùlé pápá náà dé lónìí. Nígbà ọyẹ́, tí atẹ́gùn bá ń gbé bọ́ọ̀lù kiri lórí kọnkéré wa níbí, mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé afẹ́fẹ́ ni ọ̀rẹ́ ẹni tó ń yí bọ́ọ̀lù, òun náà sì ni ọ̀tá ẹni tó ń gbá a pẹrẹsẹ. Òrùlé yẹn ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀rẹ́ Swiatek síta.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Gwarinpa, 6 Oṣù Kẹfà 2025

Ẹ kú ọdún o. Ẹ̀gbọ́n Olùkọ́ni, mo fara mọ́ àlàyé yín lórí fọ́háńdì, àmọ́ ẹ kò sọ ohun tí ojú ọmọbìnrin náà rí. Ní ọdún tó kọjá, wọ́n rí ohun tí òfin kà léèwọ̀ nínú ìtọ̀ rẹ̀, ìwádìí sì fi hàn pé inú oògùn oorun tó ń lò ló ti wá, òun kọ́ ló sì mọ̀ọ́mọ̀ mu ún. Oṣù kan péré ni wọ́n dá a dúró, síbẹ̀ ọ̀ràn náà kò jẹ́ kí ó lọ sí Beijing, níbi tó yẹ kí ó ti gbèjà ife rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ó lọ sí Wuhan. Àsìkò yẹn gan-an ni Sabalenka gba ipò kìíní lágbàáyé lọ́wọ́ rẹ̀, àsìkò yẹn náà sì ni òun àti akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀, Tomasz Wiktorowski, pín yà tí Wim Fissette fi gba iṣẹ́. Ta ni irú èyí máa bá tí ọkàn rẹ̀ kò ní dàrú?

Síbẹ̀, ní ìdíje ńlá Australia ní Melbourne ní oṣù kìíní, ojú-àmì kan ṣoṣo ló kù kí ó lé Madison Keys jáde kí ó sì wọ àṣekágbá. Ní Paris yìí kan náà, Elena Rybakina kọ́kọ́ fi 6-1 nà án ní sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, ó sì padà borí rẹ̀. Ẹni tí agbára rẹ̀ ti tán kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún 24 ni, ẹ jọ̀wọ́.

Bàbá Jos, 6 Oṣù Kẹfà 2025

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo wà láyé nígbà tí wọ́n sọ irú ọ̀rọ̀ yìí nípa Rafael Nadal. Ó gba Roland Garros láti 2005 dé 2008 láìpàdánù ayò kan níbẹ̀, kí Robin Söderling tó dá a dúró ní 2009. Àwọn ènìyàn ní ó ti tán. Ní 2010, Söderling yìí kan náà ló bá pàdé ní àṣekágbá, ó sì nà án ní sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta gbáko. Ife 14 ló gbà níbẹ̀ kí ó tó fẹ̀yìn tì.

Nípa Madrid, ìlú orí òkè ni, bọ́ọ̀lù sì máa ń fò níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ń fò fún àwa ará Jos ju bí ó ṣe ń fò fún ará Èkó lọ. Ẹ má fi ti Madrid díwọ̀n Paris.

Olùkọ́ni Kaduna, 6 Oṣù Kẹfà 2025

Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ kú ọdún. Òótọ́ ni ti Nadal. Ṣùgbọ́n eékún ń yọ ọ́ lẹ́nu lọ́dún yẹn, Söderling kan ṣoṣo ló sì wà. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà mú Swiatek ti tó ẹni mẹ́rin lọ́wọ́ báyìí. Swiatek kan náà sì ló gba ife Madrid ní 2024 lórí òkè yẹn, tí ó na Sabalenka fúnra rẹ̀ ní àṣekágbá.

Ará Kubwa, 8 Oṣù Kẹfà 2025

Gbogbo wa la ti rí àṣekágbá àná. Gauff borí Sabalenka 6-7, 6-2, 6-4, nínú afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ gan-an, àṣìṣe 70 ló sì jáde lọ́wọ́ Sabalenka. Ẹ̀gbọ́n Olùkọ́ni, ọ̀rọ̀ yín nípa atẹ́gùn ti ṣẹ ní ọjọ́ kejì péré.

Lẹ́yìn ayò náà, Sabalenka ní ká ní Swiatek ló na òun ní Ọjọ́bọ̀ ni, Swiatek ni ì bá gba ife náà. Gauff kò gbà, ó ní òun na Swiatek nígbà tí àwọn pàdé kẹ́yìn. Mo gbà pẹ̀lú Gauff. Swiatek ti borí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mọ́kànlá nínú méjìlá tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n Gauff ló mú mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, kò sì pàdánù sẹ́ẹ̀tì kan nínú wọn. Lójú mi, ìyẹn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ oògùn oorun.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Gwarinpa, 13 Oṣù Keje 2025

Mo padà wá, tayọ̀tayọ̀ sì ni. Iga Swiatek ti gba Wimbledon, ìdíje ńlá ti London! Lórí koríko Wimbledon, níbi tí kò tíì dé àṣekágbá àwọn àgbà rí, ó fi 6-0, 6-0 na Amanda Anisimova ní ìṣẹ́jú 57. Ọdún 1911 ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn ní àṣekágbá àwọn obìnrin níbẹ̀. Àṣekágbá ìdíje ńlá mẹ́fà ló ti dé, ó sì borí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Omi bọ́ lójú mi nílé. Ará Kubwa, ṣé ẹ ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ yín?

Ará Kubwa, 13 Oṣù Keje 2025

Mo kí yín, mo sì kí i. Mo jẹ́wọ́ pé n kò rò pé ó lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ pupa ni mo béèrè nípa rẹ̀, ilẹ̀ pupa sì wà níbi tí a fi í sí.

Olùkọ́ni Kaduna, 13 Oṣù Keje 2025

Inú mi dùn gan-an, ẹ̀yin ará. Kò pàdé Sabalenka tàbí Gauff lọ́nà, nítorí pé Anisimova ti lé ọ̀kan jáde, Dayana Yastremska sì ti lé èkejì jáde ní ìpele kìíní, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo fẹ́ tẹnu mọ́. Apá rẹ̀ kì í lọ jìnnà sẹ́yìn mọ́ bíi ti Paris, nítorí pé koríko kò fún un láyè, sáàfù rẹ̀ sì le sí i. Ohun tí mo sọ ní oṣù kẹfà pé kò ní ló lọ kọ́ lórí koríko yìí.

Ní oṣù kẹrin 2026, nígbà tí wọ́n bá padà sí amọ̀ ní Stuttgart, ẹ jẹ́ ká wo ayò àkọ́kọ́ rẹ̀ pa pọ̀. Abẹ́ òrùlé ni wọ́n ti ń gbá a níbẹ̀, afẹ́fẹ́ kì í wọlé. Bí ó bá ṣì ń gbá fọ́háńdì náà ní kúkúrú bẹ́ẹ̀ nígbà tí bọ́ọ̀lù líle bá wọlé sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, màá padà wá síbí wá yí ìdáhùn mi padà.