Pọ́ọ̀tì kúkurú: kí ló ń lé bọ́ọ̀lù kúrò lẹ́nu ihò?

Láti Ìkòròdú

Ẹ kú eré o, ẹ̀yin ará gọ́ọ̀fù. Pọ́ọ̀tì, ìyẹn gbígbá bọ́ọ̀lù nílẹ̀ lọ sínú ihò, tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta kì í ṣe ọ̀rọ̀ agbára, ojú pọ́tà, igi tá a fi ń gbá a, ló ni ín. Ìbú ihò jẹ́ mìlímítà 108, ti bọ́ọ̀lù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 43. Bí ojú pọ́tà bá fi dígírì kan yà, bọ́ọ̀lù á ti fi nǹkan bíi mìlímítà 16 kúrò lójú ìlà kó tó dé ihò. Ìyẹn ṣì máa wọlé. Tó bá di dígírì mẹ́ta àbọ̀, ó ti lọ nìyẹn. Ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, ìdajì ìyẹn ti tó láti tàsé.

Táìlì pálọ̀ tó láti fi tún un ṣe. Ìlà sìmẹ́ńtì tó wà láàárín táìlì tọ́ ju èyí tí èèyàn lè fọwọ́ fà lọ. Tí táìlì yín bá jẹ́ 60 sí 60, táìlì kan àbọ̀ ni ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Ẹ gbé bọ́ọ̀lù sórí ìlà, kẹ́ ẹ fi ojú pọ́tà dábùú ìlà náà. Ẹ wá na bátìrì tọ́ọ̀ṣì méjì dúró ní ìdajì mítà síwájú bọ́ọ̀lù, kí àlàfo sẹ̀ntímítà mẹ́fà wà láàárín wọn, kí ìlà gba àárín kọjá. Bọ́ọ̀lù tó bá kọjá láì kan bátìrì, kò yà ju dígírì kan lọ. Fún ẹni tó ń fi ọ̀tún gbá, bí ti òsì bá ṣubú, ojú pọ́tà ti pa dé, ó kọjú sí òsì. Bó bá jẹ́ ti ọ̀tún, ó ṣí, ó kọjú sí ọ̀tún. Agolo Dérìkà tẹ́ ẹ gbé dùbúlẹ̀ ni kó ṣe ihò: ẹnu rẹ̀ fi díẹ̀ kéré sí ti gidi, ohun tá a sì ń fẹ́ nìyẹn.

Láti Ẹpẹ

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ti bátìrì yẹn dáa, àmọ́ táìlì ò lè kọ́ni ní koríko. Koríko máa ń sùn sí apá kan. Tó bá ń dán lójú yín, ó sùn síwájú, bọ́ọ̀lù á sáré. Tó bá ṣú, ó dojú kọ yín, ẹ fi díẹ̀ kún un. Ẹ tún bẹ̀rẹ̀ wo etí ihò. Apá tó gbẹ, tó rí jákujàku, ibẹ̀ ni koríko sùn sí, torí ihò ti gé gbòǹgbò rẹ̀ kúrò.

Bọ́ọ̀lù tó ń kú lọ sẹ́nu ihò, ipa bàtà lásán lè yí i. Ẹ gbá a bíi pé kó fi ẹsẹ̀ bàtà kan kọjá ihò. Kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀ o: eré àsápajúdé máa ń sọ ihò di kékeré, bọ́ọ̀lù tó kan etí á yí po, á jáde.

Èyí tó ń ba ti ọ̀pọ̀ jẹ́ ni pé wọ́n á fa pọ́tà sẹ́yìn jìnnà, àyà á wá já wọn, wọ́n á fọwọ́ dẹ̀ ẹ́ kó tó kan bọ́ọ̀lù. Ojú pọ́tà á gbọ̀n. Ẹ fà á sẹ́yìn díẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kó la bọ́ọ̀lù já. Ipa bàtà tó wà lójú ọ̀nà bọ́ọ̀lù, ẹ tẹ̀ ẹ́ pa. Òfin ti gbà á láti 2019.

Láti Àgbádárìgì

Níbi tí wọ́n ti ń lo bráùn ńkọ́, iyanrìn tí wọ́n po mọ́ epo? Koríko ò sí níbẹ̀ tó máa sùn. Kí kádì, ẹni tó ń bá yín gbé igi, fà á kó tẹ́jú, ó parí.

Ní tèmi, orí ni mo ń bá wí. Ẹni tó bá yára gbójú sókè wo ihò, èjìká rẹ̀ á ṣí, pọ́tà á sì wọ́ lọ sí òsì. Ẹ fi bíírò sàmì sábẹ́ bọ́ọ̀lù, kẹ́ ẹ máa wo àmì yẹn títí ẹ ó fi gbọ́ ìró bọ́ọ̀lù nínú agolo. Kẹ́ ẹ sì tó gbá, ẹ di bọ́ọ̀lù mìíràn mú síwájú ojú, ẹ jù ú sílẹ̀ láti mọ̀ bóyá ojú yín wà lókè bọ́ọ̀lù: kó bọ́ sórí ti ilẹ̀, tàbí kó sún mọ́ ẹsẹ̀ yín díẹ̀.

Láti Ìkòròdú

Ẹni tó bi mí nípa pọ́tà gígùn: ẹ lè lò ó, àmọ́ láti 2016, òfin ò gbà kẹ́ ẹ fi ìdí rẹ̀ ti ikùn tàbí àyà.