Ilé iṣẹ́ wa kógbá sílé, ìjọba ìbílẹ̀ ní àwọn la máa kọ́kọ́ san fún

Ìyá Ìbejì, Ìlọrin: Ẹ kú ojúmọ́ o. Ilé iṣẹ́ ọ̀rá tí mo ń bá ṣiṣẹ́ lójú ọ̀nà Asa Dam ti kógbá sílé. Àwọn tó ni ín fúnra wọn ló pinnu bẹ́ẹ̀ lóṣù Kẹta 2025. Owó oṣù márùn-ún ni wọ́n jẹ mí. Mo débẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ìjọba ìbílẹ̀ ti fi ọ̀dà pupa kọ GBÈSÈ gàdàgbà sára géètì, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ọn: owó tenement rate, ìyẹn owó orí ilé tí ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà lọ́dọọdún, ti 2021 sí 2024. Ọ̀kan nínú wọn ní ká lọ jókòó, pé bí àwọn bá gba tàwọn tán, ìyókù ló kàn wá. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Owó ilé-ìwé ọmọ ni mo fọkàn sí.

Bàbá Rámọ́tà: Ẹ gbàgbé ẹ̀. Ta ló ń bá ìjọba du oúnjẹ?

Lọ́yà Ọ̀fà: Bàbá, ẹ má dẹ́rù ba ìyá wa. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, àmọ́ kò sọ ọ́ tán. Òfin CAMA 2020, òfin tó de àwọn ilé iṣẹ́ ní Nàìjíríà, abala 657, ka owó ìjọba ìbílẹ̀ mọ́ gbèsè tí wọ́n ń san ṣáájú. Ṣùgbọ́n èyí tó tó san láàárín oṣù méjìlá ṣáájú ọjọ́ ìpinnu yẹn nìkan ni. Nínú ọdún mẹ́rin tí wọ́n kọ, ti 2024 nìkan ló lè wọlé, bó bá jẹ́ lẹ́yìn oṣù Kẹta 2024 ló tó san. Ìyókù á lọ tò lẹ́yìn, pẹ̀lú irú ẹni tó ta dísẹ́ẹ̀lì láwìn fún ilé iṣẹ́. Owó oṣù yín wà níwájú pẹ̀lú wọn, ẹnìkan ò ṣáájú ẹnìkan. Bí owó ò bá ká a, tó jẹ́ ìdajì ló wà, ìdajì owó tí wọ́n jẹ ẹ́ ni ìjọba ìbílẹ̀ á gbà, ìdajì owó tí wọ́n jẹ yín lẹ̀yin náà á gbà.

Àgbà Òṣìṣẹ́: Ìjọba ìbílẹ̀ ni mo ti fẹ̀yìn tì, ẹ̀ka tó ń gbowó. Ọ̀dà pupa kì í ṣe àṣẹ kóòtù. Ìwé tí wọ́n fi ń béèrè owó lọ́dọọdún ló ní ọjọ́ nínú, òun ni kí wọ́n mú wá. Ká má purọ́, láyé tiwa, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í kúrò lórí tábìlì.

Ọmọ Ìgbómìnà: Báńkì ńkọ́?

Lọ́yà Ọ̀fà: Bó bá jẹ́ ilẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n fi dógò, báńkì á gba tiẹ̀ lórí ilẹ̀ kó tó kan ẹnikẹ́ni. Nínú owó dúkìá yòókù, owó iṣẹ́ ẹni tí wọ́n yàn láti tà á ló máa kọ́kọ́ jáde. Ẹ̀rọ àti ọjà tó kù lẹ ó jọ pín. Mọ́mì, ẹ kọ̀wé sí ẹni náà, kẹ́ ẹ fi ẹ̀rí owó oṣù tì í.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣé o. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń san owó fún wa. Ìwé ńlá kan la máa ń fọwọ́ sí, ó sì wà nílé akáúntáńtì ní Gànmọ̀.

Lọ́yà Ọ̀fà: Ẹ lọ lónìí, kí wọ́n tó fi di àkàrà.