Ìwà kọ́, ìhà ni

Ẹ̀yin ará mi, mo kí yín láti Òṣogbo. Ẹ̀gbọ́n wa ní ká máa pe irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn ohun tó wà lọ́kàn èèyàn sí àwọn aláàbọ̀ ara ní "òṣùwọ̀n ìwà". Ẹ má bínú, mi ò gbà. Gbogbo ibi téèyàn ń lọ ni ìwà ń bá a dé; kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo lèèyàn ń hù ú sí. "Ìṣesí" náà kò bá a mu. Bí ọlọ́kadà bá rí ẹni tó ń fọ̀pá rìn tó sì sáré kọjá, ìṣesí nìyẹn, gbogbo ojú ló rí i. Ohun tí ìwé ìbéèrè ń wá, inú ló wà. Ṣebí a máa ń bi ara wa pé, "Ìhà wo ló kọ sí i?" Òṣùwọ̀n ìhà ni tèmi.

Ibi tó ta kókó nìyí. Nínú òṣùwọ̀n ìhà sí àwọn aláàbọ̀ ara tí àwọn olùwádìí Yuker, Block àti Campbell gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1960, gbólóhùn 20 ni wọ́n kọ́kọ́ lò. Láti −3 dé +3 ni àwọn olùdáhùn fi ń sọ bí wọ́n ṣe gba gbólóhùn kọ̀ọ̀kan tàbí kọ̀ ọ́ tó. Kò sí òdo láàárín, kò sáyè fún "n ò wí nǹkan kan". Bí o bá ṣe gbà pé aláàbọ̀ ara kò yàtọ̀ sí àwọn yòókù tó ni máàkì rẹ ń ga tó.

Ẹ wá gbé e fún ìyá eléfọ̀ọ́ kan ní Ọjà Ọba. Á ní: "Ẹni òòṣà ni wọ́n. Ọbàtálá ló mọ wọ́n bẹ́ẹ̀, ẹ máa kẹ́ wọn." Ọ̀wọ̀ nìyẹn lójú tirẹ̀, àánú sì tún wà níbẹ̀. Òṣùwọ̀n yóò yọ máàkì rẹ̀ kúrò, torí ó ti yà wọ́n sọ́tọ̀. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe túmọ̀ "ìhà rere" sí "ojú àánú" bí àwọn kan ti ń ṣe.

Orúkọ tí à ń pè wọ́n gan-an ńkọ́? "Abirùn" ti ki àrùn bọ̀ ọ́. "Aláàbọ̀ ara" ti sọ fún olùdáhùn pé àbọ̀ lẹni náà, kó tó ka gbólóhùn kìíní. "Àkàndá ẹ̀dá" dùn létí, ṣùgbọ́n ìyàsọ́tọ̀ náà ni. "Ẹni tó ní ìpèníjà ara" tí wọ́n ń sọ lórí rédíò? Ta ni kò ní ìpèníjà! Èmi fúnra mi ṣì ń lo "aláàbọ̀ ara", bẹ́ẹ̀ ni kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Àbá mi rèé: ká tẹ ìwé ìbéèrè náà lọ́nà méjì, "aláàbọ̀ ara" nínú ọ̀kan, "àkàndá ẹ̀dá" nínú èkejì, ká pín in láìṣojúsàájú. Bí máàkì bá yàtọ̀, ọ̀rọ̀ la wọ̀n, a ò tíì wọn ìhà ẹnikẹ́ni.